Kì í Ṣe Oorun: Ohun tí Oró Ejò Ń Ṣe sí Ìpéǹpéjú àti Ẹyinjú

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn àgbẹ̀ kajú, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé sọ ní Ogbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ fi oko sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tí ẹ ti Oríire, Ògo-Olúwa àti Sùúrùlérè wá, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú àfiyèsí. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ejò, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín mọ ejò jù mí lọ, nítorí ẹ̀yin lẹ ń bá a pàdé lábẹ́ ewé kajú. Èmi kì í sábà rí ejò, ojú ẹni tí ejò ṣán ni mo máa ń rí. Nítorí náà, n kò ní sọ̀rọ̀ ejò bí ọdẹ ṣe ń sọ ọ́. Ojú ni iṣẹ́ mi, ojú náà ni n ó sì dúró lé lórí, pàápàá ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ tí kò gbéra mọ́, àti ẹyinjú tó dúró sójú kan tí kò yí mọ́, lẹ́yìn tí ejò olóró bá ti bu ènìyàn ṣán.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí n kò ní dárúkọ. Ìgbà kíkó kajú ni, tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán, tí èso sì ń já bọ́ sínú ewé gbígbẹ. Nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ejò dúdú gígùn kan ṣán an ní ọrùn ẹsẹ̀. Ó ní ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dun òun, kò sì wú púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi fẹsẹ̀ rìn délé, tó jókòó, tó sì ní kí wọ́n po ẹ̀kọ fún òun. Nígbà tó di agogo mẹ́jọ, ìyá rẹ̀ rí i pé ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀ bíi ti ẹni tó ń tòògbé, ó ní, “Ẹ jẹ́ kó sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́, oko kajú kì í ṣe eré.” Wọ́n tẹ́ ẹní fún un. Ní agogo mẹ́wàá, ohùn rẹ̀ ti yí padà, imú ló fi ń sọ̀rọ̀, itọ́ sì ń dà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kadà fi gbé e dé ilé ìwòsàn tí mo wà nígbà náà, ó kù díẹ̀ kí agogo kan òru lù, àyà rẹ̀ kò sì gbé sókè bó ti yẹ mọ́. N ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìyá yẹn kò ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sùn, bí ẹ bá pè é, yóò lajú. Ẹni tí oró ejò ti mú ìpéǹpéjú rẹ̀, bí ẹ bá pè é, yóò dá yín lóhùn, yóò fún iwájú orí jọ bí ẹni tí ẹrù wúwo wà lórí rẹ̀, yóò gbé àgbọ̀n sókè kí ó lè yọjú wò yín láti abẹ́ ìpéǹpéjú, ojú náà kò sì ní là. Ìyàtọ̀ náà kò ju èyí lọ, kò sì gba ju ìṣẹ́jú kan lọ láti mọ̀ ọ́n. Wákàtí márùn-ún tó wà láàárín agogo mẹ́jọ àti agogo kan òru ni ohun tí mo wá bá yín sọ.

Ẹyinjú kọ̀ọ̀kan ni iṣan mẹ́fà so mọ́, mẹ́rin nà gbọọrọ, méjì dábùú. Okùn mẹ́ta tó ti inú ọpọlọ wá ló ń darí wọn, èyí tí àwa oníṣègùn kà sí ìkẹta, ìkẹrin àti ìkẹfà nínú méjìlá tó ń bẹ ní ìhà ọ̀tún àti méjìlá tó ń bẹ ní ìhà òsì. Okùn kẹta yìí kan náà ló ń pàṣẹ fún iṣan tó ń gbé ìpéǹpéjú sókè. Bí a bá ń wo ẹyẹ tó ń fò kọjá, iṣan méjìlá ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ fìmọ̀ ṣọ̀kan, nítorí bí ojú ọ̀tún bá dé ibì kan tí ti òsì kò tẹ̀lé e débẹ̀, ohun kan ṣoṣo yóò di méjì. Nítorí náà, ẹni tí ejò ṣán tó ní òun ń rí àtùpà méjì níbi tí ẹyọ kan wà kò ṣe ìrànrán; bí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, àtùpà náà yóò padà di ẹyọ kan, ìyẹn sì ni yóò fi hàn yín pé kì í ṣe ìríran ló bàjẹ́, yíyí ẹyinjú ni.

Ibo gan-an ni oró náà ti ń ṣiṣẹ́? Kì í ṣe inú ọpọlọ, kì í sì í ṣe inú okùn fúnra rẹ̀. Ibi tí okùn ti ń bá iṣan sọ̀rọ̀ ni. Okùn kì í fara kan iṣan tààrà. Àlàfo tín-ín-rín kan, tí ojú lásán kò lè rí, wà láàárín wọn. Bí àṣẹ ọpọlọ bá dé etí àlàfo yìí, ìdí okùn yóò tu èròjà kan tó ń jẹ́ acetylcholine jáde, èròjà náà yóò sọdá, yóò wọ àwọn ihò tó wà lára iṣan bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ ihò àgádágodo, iṣan yóò sì sún kì. Lẹ́yìn èyí, èròjà mìíràn tó ń ṣọ́ àlàfo náà yóò gé acetylcholine wẹ́wẹ́, kí iṣan lè sinmi kí ó tó gba àṣẹ mìíràn. Gbogbo èyí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Nínú oró sèbé, ejò tó máa ń gbé orí nàró tó sì ń fẹ ọrùn, èròjà kékeré kan wà tó jọ kọ́kọ́rọ́ yẹn débi pé ó lè wọ ihò àgádágodo, ṣùgbọ́n kò lè ṣí i, kò sì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ tòótọ́ ráyè wọlé. Ẹ rántí ìwà ìpáǹle tí a máa ń hù ní ilé ẹ̀kọ́, tí a fi ṣingọ́ọ̀mù dí ihò kọ́kọ́rọ́ kíláàsì kí tíṣà má baà wọlé. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ tíṣà, ilẹ̀kùn kò bàjẹ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè wọlé. Bí a bá yọ ṣingọ́ọ̀mù náà kúrò, ilẹ̀kùn yóò ṣí. Irú oró kìíní nìyẹn, òun sì ni a rọra lè bá jà.

Irú kejì le jù ú lọ. Òun kì í dí ihò. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó kọ́kọ́rọ́ wá ni ó ti ń bá nǹkan jẹ́. Yóò wọ ìdí okùn, yóò ba ibi tí acetylcholine ń gbé jẹ́, bí ó bá sì ti ṣe é tán, kò sí abẹ́rẹ́ kankan tó lè dá a padà. Àfi kí a máa bá ẹni náà mí títí ara rẹ̀ yóò fi hu ìdí okùn mìíràn, èyí sì lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀. Ejò ilẹ̀ Éṣíà kan tí wọ́n ń pè ní krait ni a fi mọ oró yìí jùlọ. Lóru ló máa ń wọ ilé ní Íńdíà àti Sri Lanka, tó ń ṣán ẹni tó sùn sórí ilẹ̀, tí ẹni náà á sì jí láàárọ̀ pẹ̀lú inú rírun àti ojú tí kò là, láìrí ojú eyín ejò kan pàtó lára rẹ̀. Ejò yẹn kò sí ní ilẹ̀ wa, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n gbèsè wà lọ́rùn wa fún un. Oró krait ní irú kìíní, èyí tó ń dí ihò, nínú pẹ̀lú. Láti inú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ méjì ní Taiwan, Chang Chuan-Chiung àti Lee Chen-Yuan, ti yọ èròjà kan tó ń jẹ́ alpha-bungarotoxin jáde ní 1963. Èròjà náà lẹ̀ mọ́ ihò àgádágodo tí mo ń wí yìí pinpin, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi lò ó láti wá ihò náà rí, tí wọ́n sì kà á. Nígbà tó di 1973, ó ti hàn pé àwọn tó ní àìsàn myasthenia gravis, àìsàn tó ń mú ìpéǹpéjú wálẹ̀, tó sì ń mú kí ènìyàn máa rí nǹkan ní méjì-méjì láìsí pé ejò ṣán an, ni ihò wọn kò pọ̀ tó ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí aláìsàn bẹ́ẹ̀ tó ń gba oògùn rẹ̀, ẹ rántí pé ejò ló tan iná sí ọ̀nà yẹn fún wa.

Ìbéèrè kan máa ń tẹ̀lé èyí, ìbéèrè gidi sì ni. Oró wà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń dé ibi gbogbo. Kí ló dé tí ẹsẹ̀ ṣì ń gbé ènìyàn rìn nígbà tí ojú ti ń pa dé? Ẹ wo ìyá aláta kan ní ọjà Aràdà tó jẹ́ pé ohun tó tà lónìí ló fi ń ra ọjà ọ̀la, kí ẹ sì wo oníṣòwò iṣu tó ní àká mẹ́ta lẹ́yìn ilé. Bí olè bá jí apẹ̀rẹ̀ kan lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, onísu lè má mọ̀ títí oṣù yóò fi parí, ṣùgbọ́n aláta kò ní lè pàtẹ ní ọjọ́ kejì. Iṣan itan àti apá ní àká. Ihò tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju iye tí iṣẹ́ nílò lọ, oró gbọ́dọ̀ dí èyí tó pọ̀ jùlọ nínú wọn kí a tó mọ̀. Iṣan ojú kò ní àká bẹ́ẹ̀. Kì í sinmi níwọ̀n ìgbà tí a bá lajú sílẹ̀, àṣẹ tó ń dé bá a ń yára tẹ̀lé ara wọn ju ti iṣan apá lọ, fọ́nrán okùn kan tó lè máa darí ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́nrán iṣan ní itan kì í darí ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ ní ojú, àwọn fọ́nrán kan sì wà nínú iṣan ojú tí ihò ara wọn kò pọ̀ rárá. Ìdí nìyí tí jíjí apẹ̀rẹ̀ kan fi tó láti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa.

Lẹ́yìn ojú ni ètè, ahọ́n àti ọ̀fun, lẹ́yìn wọn ni ọrùn tí kò ní lè gbé orí dúró, lẹ́yìn náà ni iṣan ìhà àti iṣan fẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ́ sábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tó ń fa èémí wọlé. Ibẹ̀ ni ikú wà. Ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣáájú ohun tó ń pani. Àwọn baba wa ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Níhìn-ín, ìpéǹpéjú ni a fi ń ṣọ́ èémí. Ìgbà tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ kò bára mu: ó lè jẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì lè ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Nítorí náà ni a ṣe ń dá ẹni tí ejò ṣán dúró fún wákàtí 24, kódà bí ó bá ń rẹ́rìn-ín, tó sì ń bínú pé a kò jẹ́ kí òun lọ ilé.

Ejò wo ló ń ṣe èyí ní àyíká wa? Mo máa ń ṣọ́ra fún orúkọ, nítorí mo ti gbọ́ kí wọ́n pe ejò kan náà ní sèbé ní abúlé kan, kí wọ́n pè é ní ọká ní abúlé kejì, kí wọ́n sì pè é ní agbádú ní ẹ̀kẹta, olúkúlùkù a sì máa búra pé tòun ló tọ́. Àpèjúwe ló dára jù. Sèbé inú igbó, tó gùn, tó dúdú tó ń dán, tí abẹ́ ọrùn rẹ̀ funfun pẹ̀lú ìlà dúdú, ń mú ojú wálẹ̀. Sèbé ilẹ̀ ọ̀dàn tó nípọn, tó sì sábà máa ń pọ́n bí ilẹ̀ gbígbẹ, ń ṣe bákan náà. Mamba, ejò orí igi tó ní àwọ̀ ewé, wà nínú igbó kìjikìji ní ìhà gúúsù, oró tirẹ̀ a sì máa mú kí ẹran ara gbọ̀n wìnnì-wìnnì kí ara tó kọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n sèbé ọlọ́rùn dúdú, èyí tí ń tu oró jáde lẹ́nu, kì í sábà mú ìpéǹpéjú wálẹ̀ bí ó bá ṣán ènìyàn. Ara ibi tó ṣán ni yóò wú, tí ẹran ibẹ̀ yóò dúdú, tí yóò sì rà. Paramọ́lẹ̀ náà, wíwú àti ìrora ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ má pa sèbé tó ń tu oró pọ̀ mọ́ ohun tí mo ń sọ. Bí oró bá ta sí ojú, ojú yóò pọ́n, yóò ta gan-an, yóò máa ṣomi, ìpéǹpéjú yóò sì di pa nítorí ìrora, kì í ṣe nítorí pé iṣan kú. Omi tó mọ́ ni kí ẹ dà sí i, omi púpọ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, kí ẹ sì gbé e wá kí a wò ó bóyá ọgbẹ́ wà lórí ẹyinjú. Abẹ́rẹ́ oró ejò kò sí fún ìyẹn, n kò sì fẹ́ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fún omi ewé sí ojú ẹlòmíràn.

Ọ̀nà kan ṣì kù tí ejò lè gbà da ẹyinjú láàmú, òun ni ti ejò kékeré kan tó máa ń ká ara rẹ̀ rọ, tó ń fi ìpẹ́ ara rẹ̀ họra tí ó sì ń dún ṣìì-ṣìì bí epo tó ń gbóná. Àfonífojì Odò Bẹ́núè ló ti ń ṣọṣẹ́ jù, òun ló sì ń pa àwọn àgbẹ̀ jùlọ ní àríwá Nàìjíríà. Oró rẹ̀ kì í dí ihò àgádágodo. Agbára dídì ni ó ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ya nínú agbárí, ó lè tẹ ọ̀kan nínú okùn ojú mọ́lẹ̀, ẹyinjú kan ṣoṣo yóò sì yí sápá kan, tàbí ìpéǹpéjú kan ṣoṣo yóò wálẹ̀, pẹ̀lú orí fífọ́ àti èébì. Ojú kan ni ẹ fi máa mọ̀ ọ́n: oró sèbé máa ń mú méjèèjì pa pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wà níhìn-ín lè fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò gíláàsì tó mọ́ tó sì gbẹ, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n wá dà á ní ìdojúdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá ń ṣàn bí omi, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà kò dì mọ́, ohun tó ń ṣe é kì í sì í ṣe ti sèbé.

Nísinsìnyí, bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó jókòó ti aláìsàn nílé lè ṣe é, kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ẹ tan iná sí i, kí ẹ ní kó wo òkè láìgbé orí, kó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ìpéǹpéjú tó dá ṣáká yóò dúró. Èyí tí oró ti ń mú yóò máa rọra wálẹ̀ bí aṣọ fèrèsé tí okùn rẹ̀ tú. Ẹ wo bóyá ó bo ọmọlójú ju bó ti yẹ lọ. Ẹ na ìka kan síwájú rẹ̀, kí ẹ mú un lọ sí ọ̀tún, sí òsì, sókè àti sísàlẹ̀, kó máa fi ojú nìkan tẹ̀ lé e. Bí ẹyinjú bá dé ìpẹ̀kun ẹ̀gbẹ́, kò yẹ kí funfun ojú kù ní ìhà tó ń wò. Ẹ bi í pé ìka mélòó ló rí. Ẹ ní kó yọ ahọ́n, kó gbé itọ́ mì, kó gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, kó sì ka òǹkà láti orí oókan lọ nínú mímí kan ṣoṣo. Ẹ kọ iye tó kà dé sílẹ̀. Bí ó bá ka ogún ní agogo mẹ́jọ, tó ka méjìlá ní agogo mẹ́sàn-án, kò sí ohun tí ẹ tún ń dúró dè. Wákàtí wákàtí ni kí ẹ máa ṣe é, kí ẹ sì máa fi fóònù ya ojú rẹ̀ pẹ̀lú aago, nítorí àwòrán agogo mẹ́jọ tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti agogo mẹ́sàn-án máa ń sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ fún dókítà.

Ní ti ohun tí a ń ṣe kí a tó dé ilé ìwòsàn, mo mọ̀ pé òkúta dúdú wà, gbẹ́rẹ́ wà, okùn tí wọ́n ń so pinpin mọ́ ẹsẹ̀ wà. N kò wá bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ejò kò ní oró, àwọn tó sì ní in a máa ṣán ènìyàn nígbà mìíràn láìtu oró kankan sí i lára. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò sàn bí a bá fi òkúta lé e, yóò sì sàn bí a bá fi ẹ̀pà lé e. Gbẹ́rẹ́ lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dì mọ́ lewu púpọ̀. Okùn líle ń pa ẹsẹ̀, bí wọ́n bá sì tú u lójijì, oró tó ti kóra jọ lábẹ́ rẹ̀ lè ya lọ sí ara lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà bí ẹ bá bá a lẹ́sẹ̀ aláìsàn tí ojú rẹ̀ ti ń wálẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a ti tú u. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ̀yà ara náà má mira: ẹ fi igi pẹlẹbẹ méjì dì í bí ẹni pé ó ṣẹ́, kí ẹ má jẹ́ kó rìn. Ẹ má fún un ní ẹ̀kọ tàbí omi bí ohùn rẹ̀ bá ti ń yí padà, nítorí ọ̀fun tó ti rọ yóò darí rẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ kan dùbúlẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, bí kò bá sí mọ́tò, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó lẹ́yìn rẹ̀ kó dì í mú, kó sì di orí rẹ̀ mú pẹ̀lú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oró ejò sínú àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì ní 2017, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé láàárín 81,000 sí 138,000 ènìyàn ló ń kú lọ́dọọdún lágbàáyé. Mo sọ ìyẹn kọjá nítorí ohun tó jẹ mí lógún wà lára páálí oògùn. Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò ti wà láti nǹkan bí 1895, nígbà tí Albert Calmette ará Faransé fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ẹranko tí a ti fi oró díẹ̀díẹ̀ kọ́ lè gba ènìyàn là. Bí wọ́n ṣì ṣe ń ṣe é nìyẹn, láti ara ẹṣin jùlọ. Èyí tí a ṣe fún Nàìjíríà ní ilẹ̀ Costa Rica, EchiTAb-plus-ICP, dára, ó sì ti gba ẹ̀mí là púpọ̀. Oró ejò mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é: ejò tó ń dún ṣìì-ṣìì, paramọ́lẹ̀ àti sèbé ọlọ́rùn dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wo àwọn mẹ́ta yẹn. Kò sí sèbé inú igbó níbẹ̀. Kò sí mamba. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ ka orúkọ ejò tó wà lára páálí kí ẹ tó sọ fún mọ̀lẹ́bí pé abẹ́rẹ́ ti wà. Abẹ́rẹ́ wà, ṣùgbọ́n ó lè má jẹ́ ti ejò tó ṣán ọmọ wọn.

Bí ti ejò náà kò bá sí, ọwọ́ wa kò ṣófo. Oògùn neostigmine kì í jẹ́ kí acetylcholine tètè gé, kọ́kọ́rọ́ yóò sì pọ̀ ní àlàfo débi pé wọn a rí ihò tí oró kò tíì dí. A máa ń fún un pẹ̀lú atropine, a ó sì máa wo ìpéǹpéjú bóyá yóò gbéra. Fún oró sèbé ni, kì í ṣe fún ti mamba, tí oró rẹ̀ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn láṣejù fúnra rẹ̀. Bí èyí náà kò bá tó, èémí ló kù. Ẹni tí a bá bá mí dáadáa kò ní kú nítorí iṣan rẹ̀ rọ.

Ohun tí a ṣe fún ọ̀dọ́mọkùnrin wa nìyẹn. Abẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ti ejò rẹ̀. Neostigmine gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè díẹ̀, ó tún wálẹ̀. A ti ọ̀pá rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun, a so àpò afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, àwọn nọ́ọ̀sì méjì àti èmi sì ń fi ọwọ́ tẹ àpò náà ní ìpààrọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí ẹ̀rọ tó yẹ kó ṣe é wà lára ẹlòmíràn. Nígbà yẹn, ojú rẹ̀ pa dé pátápátá. Bí a bá fi ìka ṣí i, ẹyinjú dúró sí àárín gbagidi bíi ti ère. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó bú sẹ́kún, ó ní, “Ó ti lọ.” Lẹ́yìn tó sunkún tán, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́ mi dáadáa. Oró sèbé kì í dé ọpọlọ. Ẹni tí kò lè lajú, tí kò lè yí ẹyinjú, tí kò lè mí, tí kò lè gbé ìka, ń gbọ́ ohun gbogbo, ara sì ń ro ó bí a bá gún un. Nínú oró ejò mìíràn, ọmọlójú tilẹ̀ lè fẹ̀ kó má sún mọ́ bí a bá tan iná sí i, èyí tí àwa oníṣègùn kọ́ láti kà sí àmì ikú. Nínú ọ̀ràn ejò, kì í ṣe àmì ikú. Nítorí náà, a máa ń dárúkọ ẹni náà, a máa ń sọ fún un ohun tí a fẹ́ ṣe kí a tó ṣe é, a sì máa ń wá ẹ̀yà ara kan tó ṣì ń sún díẹ̀. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì. Nọ́ọ̀sì sọ fún un létí pé kó mi í lẹ́ẹ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀mejì fún bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì bi í bóyá ó ń gbọ́ òun. Àtàǹpàkò náà mì lẹ́ẹ̀kan.

Ojú ẹni tí kò lè ṣẹ́jú máa ń gbẹ, nítorí náà a fi ìpara ojú sí i ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, a sì fi páláṣítà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á dé. Ní ọjọ́ kẹta, iwájú orí rẹ̀ kọ́kọ́ hunjọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìpéǹpéjú ọ̀tún gbéra, ti òsì tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kẹrin, a yọ rọ́bà kúrò lọ́fun rẹ̀. Ó ṣì ń rí gbogbo wa ní méjì-méjì, mo sì ní kó máa fi aṣọ bo ojú kan, kó máa pààrọ̀ wọn, títí ọ̀sẹ̀ náà yóò fi parí. Ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń padà bọ̀ sípò pátápátá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé oúnjẹ wọlé, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọkùnrin náà fi ọwọ́ bo ojú òsì kó lè rí i ní ẹyọ kan, ó sì bi í pẹ̀lú ohùn tó ṣì ha, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni ẹ ní kó wá ra kajú mi lóru ọjọ́sí?”